Sí Fúnmi, Nípa Ọkùnrin Idẹ Tó Kúnlẹ̀

Barriera di Milano, Torino,
Oṣù Kejì, ọdún 1998.

Fúnmi, ọmọ mi, Àdùnkẹ́ mi,

Mo gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, mo sì mọ̀ pé o ti sunkún kí o tó pè. O rò pé o fi pa mọ́. Ohùn tí mo ti ń gbọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọ lé mi láyà, báwo lo ṣe fẹ́ fi í pa mọ́ fún mi? Káàdì fóònù rẹ tán kí n tó sọ ohun tó wà nínú mi, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sídìí tábìlì nílé ìdáná wa láti kọ ọ́. Bàbá rẹ ti lọ síbi iṣẹ́ wọn ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ̀wà wà lórí iná. O mọ̀ pé n kì í kọ lẹ́tà gígùn, ṣùgbọ́n èyí máa gùn. Jọ̀ọ́, jẹun kí o tó kà á.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan sí i, o kú oríire iṣẹ́ tuntun. Gbogbo ìjọ wa ló ti gbọ́ pé ọmọ mi ti di geometra, pé ó ń wọn ilẹ̀, ó ń wọn ilé, ó sì ń dé akoto lórí bíi ti àwọn ọkùnrin. Ìyá Túndé ní kí n dákẹ́ ẹnu mi, pé àwọn ti gbọ́. N kò dákẹ́. Ní ti yàrá tí o gbà ní Padova, máa ṣí fèrèsé láràárọ̀ bí òtútù tilẹ̀ mú, kí ara ògiri má baà máa rin. Má sì fi búrẹ́dì nìkan ṣe oúnjẹ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó.

O ní ọ̀gá rẹ rán ọ lọ wọn ẹ̀rọ omi àtijọ́ tó wà ní gbàgede ìlú kékeré kan lẹ́yìn Padova, nítorí àwọn aláṣẹ ìlú fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe lè gbé e kúrò. O ní ère ọkùnrin dúdú kan ló gbé àwo omi náà rù, pé wọ́n fi ẹ̀wọ̀n sí i lọ́rùn, wọ́n sì gbẹ́ ètè rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Ìlú ti pín sí méjì lórí rẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn kan ní ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án, pé àwọn bàbá ńlá àwọn ló ṣe é. Ìpàdé ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá rẹ sì ní kí ìwọ dìde sọ̀rọ̀ níbẹ̀, nítorí pé "ọ̀rọ̀ tìẹ ni." O ní o fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Má fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọmọ mi. Èyí ni ìmọ̀ràn kìíní. Fara balẹ̀ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, nítorí ohun kan wà nínú ìtàn ilé wa tí n kò sọ fún ọ rí.

O rántí ère tó wà nínú ọgbà kékeré tó kọjú sí ilé ìwé rẹ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ọ́ nígbà náà. Ohun tí ìwọ rí, o rí i. Jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi rí.

Ìgbà yẹn ni mo ń tọ́jú Bàbá Oreste, arúgbó tó ti fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìyọ́rin, tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ti kọṣẹ́. Rina ìyàwó wọn ti kú. Tí mo bá ti wẹ̀ wọ́n, tí wọ́n ti mu kọfí, màá fi àga oníkẹ̀kẹ́ tì wọ́n lọ sínú ọgbà yẹn. Ojú kan náà ni wọ́n máa ń fẹ́ kí n bá wọn dúró sí, ẹ̀gbẹ́ ère náà.

Òyìnbó kan ló dúró sókè, ó di ìbọn mú, ó ń wo ọ̀nà jíjìn. Nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọkùnrin dúdú kan kúnlẹ̀ sí, tó gbé ẹrù òyìnbó náà sẹ́yìn, tó dorí kodò débi pé kò sẹ́ni tó lè rí ojú rẹ̀. Gbogbo idẹ náà ló ti dúdú, àfi orí ọkùnrin tó kúnlẹ̀ yẹn. Orí tirẹ̀ ń dán yanran, nítorí àwọn ará àdúgbò gbà pé ẹni tó bá fọwọ́ pa á yóò rí oríire. Porta fortuna, wọ́n á ní. Ẹni tó ń lọ ṣèdánwò á fọwọ́ pa á, ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì á fọwọ́ pa á.

"Níbí ni Rina jókòó sí," Bàbá Oreste á sọ fún mi. "Mo kọ́kọ́ fọwọ́ pa orí rẹ̀ kí n tó lọ bá a sọ̀rọ̀, kó má baà kọ̀ mí."

"Ṣé kò kọ̀ yín?" màá bi wọ́n, bí ẹni pé n kò tíì gbọ́ ọ rí.

"Kò kọ̀!" Wọ́n á wá rẹ́rìn-ín títí omi á fi lé ní ojú wọn.

Mo fẹ́ràn bàbá yẹn, Fúnmi. N kò ní purọ́ fún ọ. Ẹni tí o bá ń wẹ̀ láràárọ̀, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ láràárọ̀, ìfẹ́ rẹ̀ á wọ̀ ọ́ lára.

Lọ́jọ́ kan, àwa méjèèjì wà níbẹ̀ nígbà tí ilé ìwé yín jáde. Mo rí ọ tí ò ń bọ̀, o kó ìwé rẹ mọ́ra, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta kan láti kíláàsì rẹ sì ń tẹ̀ lé ọ. Wọ́n dé ìdí ère, wọ́n fọwọ́ pa orí idẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú wọn sáré sí ọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa orí rẹ, irun tí mo fi ọwọ́ ara mi dì. "Porta fortuna!" ni ó ń pariwo. Àwọn méjì yòókù ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ dúró. O kò sunkún, o kò sá. O kàn ń wo ilẹ̀ ṣáá.

Bàbá Oreste rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀rín arúgbó tó ń wo àwọn ọmọdé tó ń ṣeré. Kó tó di pé mo la ẹnu, o ti sọdá títì, o ti lọ.

Nílé wa, orí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ pa lọ́nà. Orí ni ẹni. A máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méjì ló wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn. Mo ti bàbá padà sílé, mo fún wọn lóúnjẹ, mo wá gba ilé ìwé yín lọ.

Ohun tí o kò mọ̀ nìyí. O rò pé olùkọ́ yín, professoressa onígíláàsì ojú yẹn, ló dá ọ̀rọ̀ ère náà rò fúnra rẹ̀. Èmi ni mo lọ bá a. Ìtálì mi kò dára tó báyìí nígbà náà, mo ń fi ọwọ́ sọ èyí tí ẹnu mi kò lè sọ. Mo kàn fẹ́ kó bá àwọn ọmọ yẹn wí ni. Ó gbọ́ mi dé òpin, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

"Signora," ó ní, "mo lè bá àwọn mẹ́ta yìí wí lónìí. Ṣùgbọ́n ère yẹn á kọ́ àwọn mẹ́ta mìíràn lọ́la."

Ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ àdúgbò, àwọn tí wọ́n ń pè ní circoscrizione, pé kí wọ́n gbé ère náà kúrò. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, gbogbo àdúgbò ti gbóná. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri, àwọn ẹlẹ́ran ń bá àwọn oníbúrẹ́dì jiyàn. Ìjà tí n kò pè ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà mi.

Nínú ìjọ wa pàápàá, a kò fohùn ṣọ̀kan. Lẹ́yìn ìsìn, arábìnrin kan dìde. "Permesso di soggiorno, ìwé ìgbélùú tí a ń tò fún, kò tíì bọ́ sí wa lọ́wọ́, ẹ fẹ́ ká lọ bá onílé jà nítorí idẹ?"

Bàbá rẹ, tí wọn kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, dá a lóhùn. "Kì í ṣe nítorí idẹ. Nítorí orí ọmọ mi ni."

Ìwọ wà níbẹ̀, o fà mí láṣọ, o ní, "Mamma, andiamo a casa," pé ká máa lọ sílé. O kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu kàn án. Mo mọ̀ nígbà náà pé o ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà lọ sí ilé ìwé kí o má baà kọjá níbẹ̀, àti pé ìdí nìyẹn tí bàtà rẹ fi máa ń rin gbingbin lásìkò òjò.

Ọjọ́ ìpàdé pé, wọ́n sì ṣe é ní gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé ìwé yín. Bàbá Oreste ní kí n gbé àwọn lọ. "Mo fẹ́ sọ̀rọ̀," wọ́n ní. "Wọn kò gbọ́dọ̀ gbé ibi tí mo ti rí Rina lọ." Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ti àga wọn wọlé. Àwọn ará ìjọ wa wà ní ìlà kan, bàbá rẹ wà láàárín wọn. Mo gbọ́ tí ẹnì kan sọ lẹ́yìn mi ní Yorùbá pé, "Ìyá Fúnmi, ẹ̀yin lẹ tún ń ti alátakò wa wọlé?" Mo ń ti àga náà lọ. Láàárín kí n ti àga arúgbó síbi tó fẹ́ lọ àti kí n gba ohun tó fẹ́ sọ gbọ́, ìyàtọ̀ wà. Fi èyí náà sọ́kàn, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Bàbá Oreste sọ̀rọ̀, wọ́n sọ nípa Rina, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́ fún wọn. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn pé kí ẹni tí ère náà kò bá tẹ́ lọ́rùn padà sí ibi tó ti wá. Ariwo sọ. Obìnrin tó ń darí ìpàdé wá nawọ́ sí mi. "Signora, ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni àwọn èèyàn yín rò?"

Kí ni àwọn èèyàn mi rò! Arábìnrin tó ní ká má wá wà níbẹ̀. Pásítọ̀ wa tó ní òrìṣà ni, kí wọ́n fọ́ ọ, wà níbẹ̀. Ẹnu ta ni kí n fi sọ̀rọ̀? Mo wo Bàbá Oreste, n kò wo obìnrin yẹn mọ́.

"Signor Oreste," mo ní, "lọ́jọ́ tí ọmọ mi gba inú ọgbà kọjá, èmi àti ẹ̀yin la wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí la rí?"

Mo rò pé wọ́n á sọ pé àwọn kò rántí. Arúgbó ni wọ́n, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n léèrè.

"Mo rí àwọn ọmọkùnrin kan," wọ́n sọ níkẹyìn. "Wọ́n fọwọ́ pa orí ère. Wọ́n wá fọwọ́ pa orí ọmọbìnrin signora yìí, bákan náà gẹ́lẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo pè é ní eré. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn.

Fúnmi, ìmọ̀ràn kejì àti ẹ̀kẹta wà nínú ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí. Ọ̀gá rẹ ní ọ̀rọ̀ tìẹ ni. Ó lè jẹ́ pé inú rere ló fi sọ bẹ́ẹ̀, má bínú sí i jù. Ṣùgbọ́n má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di ẹnu gbogbo ènìyàn dúdú ayé. Ọmọ ilé Adéwálé ni ọ́, ọmọ Barriera di Milano, geometra ní Padova. Tí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ohun tí ojú rẹ rí ni kí o sọ. Ojú ẹni kì í purọ́ fún ẹni, kò sì sẹ́ni tó lè bá ọ jiyàn lórí rẹ̀. Tí o kò bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, sọ iye tí ère náà wọ̀n àti bí wọ́n ṣe lè gbé e láì fọ́, kí o jókòó. Ìyẹn náà ò kéré. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni.

Ẹ̀kẹta: má kórìíra àwọn arúgbó ìlú yẹn. Wọ́n á dìde lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n á sọ pé ìdí ẹ̀rọ omi yẹn ni àwọn ti ṣeré lọ́mọdé, ibẹ̀ ni àwọn ti fẹ́ ìyàwó. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ohun tó dára ni wọ́n so mọ́ orí èèkàn tí kò dára. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gbàgbé ìyàwó wọn. Gbọ́ wọn dé òpin bí olùkọ́ yín ṣe gbọ́ mi, kí o sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń sọ àti ohun tí ère ń ṣe sí orí ọmọ ẹlòmíràn lè jọ jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

N kò sọ pé kò ní ná ọ ní nǹkan. Lọ́jọ́ kejì ìpàdé yẹn, ọmọ Bàbá Oreste pè mí, ó ní kí n má wá mọ́, pé mo dójú ti bàbá òun lójú gbogbo ènìyàn. Bàbá rẹ ní Ọlọ́run á ṣe ọ̀nà. Ìwọ rò pé àìsàn ló dá mi dúró sílé. Kò pẹ́ sí i, fóònù tún dún, Bàbá Oreste fúnra wọn ni. Wọ́n ti lé obìnrin tuntun tí wọ́n gbà lọ, wọ́n ní omi tutù ló fi ń wẹ̀ wọ́n. "Nígbà wo lò ń bọ̀?" ni wọ́n ń bi mí, bí ẹni pé èmi ni mo lọ ìsinmi. N kò mọ̀gbà tí mo bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó tọrọ àforíjì nínú àwa méjèèjì. Mo padà, mo gbé omi kaná.

Ìgbìmọ̀ àdúgbò pẹ́ kí wọ́n tó pinnu. Wọn kò fọ́ ère náà, wọn kò sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn oníṣẹ́ irin ti rí i pé ọ̀tọ̀ ni wọ́n rọ ọkùnrin tó kúnlẹ̀, ọ̀tọ̀ ni òyìnbó tó dúró. Wọ́n ní àwọn á gbé èyí tó kúnlẹ̀ lọ sí àgbàlá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn á kọ ìtàn rẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, òyìnbó á ṣì dúró sáyè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ olùkọ́ yín lọ́rùn, kò tẹ́ àwọn tó ń pariwo lẹ́yìn lọ́rùn, kò tẹ́ pásítọ̀ lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú ṣe ń rí.

Bàbá Oreste ní kí n gbé àwọn lọ wò ó. Ẹ̀rọ agbẹ́rù dé, wọ́n ta okùn mọ́ ọkùnrin náà láyà, wọ́n fà á sókè díẹ̀díẹ̀, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí ọkọ̀ ńlá. Wọ́n dá a dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, ó wá kọjú sókè. Ìgbà yẹn la rí ojú rẹ̀. Ọmọ mi, ẹni tó rọ ojú yẹn kò fi ṣeré. Ọkùnrin gidi ni, àgbà díẹ̀ ju bàbá rẹ lọ, ó la ojú rẹ̀ sílẹ̀ gbagada, iṣan ọrùn rẹ̀ le. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń fọwọ́ pa á lórí, ojú tó là ló wà lábẹ́ ọwọ́ wọn.

Nílé wa, ọkùnrin kì í kúnlẹ̀ kí ènìyàn, ó ń dọ̀bálẹ̀ ni. Obìnrin ló ń kúnlẹ̀, tó bá sì kúnlẹ̀, ọ̀wọ̀ ló fi ń ṣe é, kì í ṣe nítorí ìbọn. N kò mọ ìlú ọkùnrin náà, n kò mọ èdè rẹ̀, n kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ẹnì kan wà tó jọ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n àgbà ni. Mo fi àga sílẹ̀, mo rọra tẹ orúnkún mi ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, mo ní, "Bàbá, ẹ kú ìnira. Ẹ kú ìrọ́jú." Àwọn oníṣẹ́ ń wò mí. Bàbá Oreste ṣí fìlà wọn. Wọ́n bi mí pé kí ni mo sọ, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní kí n tún un sọ, wọ́n sì gbìyànjú láti sọ ọ́ bí ẹnu wọn ṣe lè sọ ọ́ mọ.

Èyí tó kẹ́yìn nínú ìmọ̀ràn mi, n kò mọ nọ́ńbà tó kàn mọ́: má rò pé tí wọ́n bá gbé idẹ lọ, ẹ̀gàn bá a lọ. Obìnrin kan ṣì na ọwọ́ sí irun mi nínú ọkọ̀ tram lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú jẹ́jẹ́, mo dá a padà fún un, mo ní, "Tìyín nìyí, signora." Ó pupa bíi tòmátì, ó tọrọ àforíjì, a sì jọ sọ̀rọ̀ títí ó fi sọ̀. Iṣẹ́ tó pọ̀ ṣì ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń lọ sí ilé ìwé yẹn báyìí, àwọn ọmọ Ìyá Túndé, inú ọgbà ni wọ́n ń gbà kọjá, tààrà. Bàtà wọn gbẹ.

Nítorí náà, wọn ère yẹn dáadáa, Fúnmi. Má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbọ̀n. Bí o bá wọ̀n ọ́n tán, tí kò sí ẹni tó ń wò ọ́, kí i.

Ẹlẹ́dàá tó dá orí rẹ kò ní jẹ́ kí ó wọ́. Ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ bá ti ń bẹ̀rù, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ yóò ti múlẹ̀. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, wọ́n ní kí o má dá ọ̀gá rẹ lóhùn pẹ̀lú ìbínú, kí o sì ra bàtà òtútù.

Mo ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́ mi fún ọjọ́ Ẹtì. Màá wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Padova, a óò jọ lọ sí ìpàdé náà. N kò ní sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn ni màá jókòó sí. O kò ní láti máa wo ọ̀dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ pé ta ni obìnrin tó jókòó sẹ́yìn yẹn, sọ fún un ní Yorùbá kí o tó sọ ọ́ ní Ìtálì: ìyá mi ni.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.